Owó Ẹyọ Ìdí Ìró Ìyá Alákàrà

Ẹ sún mọ́ bí, ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín mi tán ná. Ṣé ẹ mọ Ìyá Alákàrà wa, ti ẹnu kílóòsì yìí ní Festac, ẹni tó máa ń kí àkàrà kó tó yí i nínú epo? Òun náà ni. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin o!

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti 2009 tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ ọkọ̀ náà síta ni Ìyá ti ń sọ pé òun ò ní í kú láìgùn ún. Buhari ṣí i ní oṣù kìíní 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, láti Mile 2 tiwa níbí títí dé Marina: ibùdókọ̀ márùn-ún, kìlómítà 13. Wọ́n ní yóò dé Festac, yóò sì lọ dé Okokomaiko, ṣùgbọ́n Ìyá ò lè dúró de ìyẹn. Ọmọbìnrin rẹ̀, àbígbẹ̀yìn, ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó fẹ́ lọ wò ó.

Wàhálà kan ló wà: ọkọ̀ yìí kì í gba owó lọ́wọ́. Káàdì Cowry ni. Nígbà tí wọ́n sọ fún Ìyá pé owó ẹyọ ni orúkọ káàdì náà, ṣe ló jókòó sílẹ̀. "Owó ẹyọ? Èyí tí ìyá ìyá mi ń sin ní ogójì-ogójì, tí àádọ́ta okùn ń jẹ́ ẹgbàá, tí ẹgbàá mẹ́wàá ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan? Ó ti padà dé?" A ní ó padà dé, Mà, ṣùgbọ́n kò sí pé à ń gbé ọ̀kẹ́ rù mọ́, pẹlẹbẹ kan báyìí ni. Ó ní ó dáa. Ó ní kí wọ́n bá òun kówó sínú ẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró, ó fi há ìdí. Ibo ni owó tún ń gbé?

Ẹ dúró ná, kí n tó gbàgbé. Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ yìí ló mú mi rántí Bàbá Múká ti kílóòsì kejì. Ṣé ẹ mọ bó ṣe rí ìyàwó fẹ́? Dáńfó ni! Kọ̀ńdọ́ ń pariwo, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!", Bàbá Múká ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n dé Mile 2, kọ̀ńdọ́ so òun àti ọmọge kan pọ̀, ó na ẹgbẹ̀rún náírà kan ṣoṣo sí wọn, ó fò mọ́ ọkọ̀, ó lọ. Àwọn méjèèjì bá ń wá ẹni tí yóò ṣẹ́ owó kiri. Ẹlẹ́pà ò ní ṣéńjì. Ọlọ́sàn ò ní ṣéńjì. Ìyá olóúnjẹ ní àfi tí wọ́n bá jẹun. Wọ́n jẹun. Ọmọ mẹ́ta rèé lónìí, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń béèrè ṣéńjì tirẹ̀! Bàbá Múká fúnra rẹ̀ ló máa ń wí pé ká ní Cowry ti wà nígbà yẹn, bóyá àpọ́n ni òun ì bá wà títí.

Ẹ́n-ẹ́n, níbo ni mo bá a dé? Ìyá.

Ó dé ẹnu ọ̀nà ní Mile 2. Àwọn èèyàn ń fi káàdì kan ẹ̀rọ, ọ̀nà ń là. Ṣé Ìyá á wá máa tú ìró láàrin èrò ni? Àgbàlagbà bíi tirẹ̀? Ló bá yí ìdí sí ẹ̀rọ, ó gbé e kàn án. Pìn! Ọ̀nà là! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, kò sí idán níbẹ̀. Ọmọ mi tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ ní káàdì yẹn ò ní bátìrì. Bó bá ti sún mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ló ń fún un lágbára tó fi ń sọ̀rọ̀, aṣọ ò sì dí i lọ́wọ́. Irú ẹ̀ ni wọ́n ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí bọ́ọ̀sì ò ti gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti oṣù keje 2014. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi wọ́n, ta ló ti fi ìdí sanwó rí níbẹ̀?

Nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá ní Iganmu, ó na ìka sí Tíátà tí wọ́n ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè báyìí, ó ní ẹ̀gbọ́n ilé òun ni, pé àjọ̀dún FESTAC 1977 kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ẹni tó jókòó tì í ò bi í o.

Ìgbà tó ń bọ̀ ni ẹjọ́ dé. Ọmọ rẹ̀ ti fún un ní ìró tuntun, ó sì ti ró o. Ó dé Marina, ó yídìí sí ẹ̀rọ. Kẹ́kẹ́ pa. Ó yí ẹ̀gbẹ́ kejì sí i. Ẹ̀rọ ò fọhùn. Ìyá figbe ta: "Àbí wọn ò dá mi mọ̀ mọ́ ni?" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Mà, ẹ jẹ́ n fi tèmi kàn án fún yín." Ọmọ rẹ̀ tó sìn ín wá ló sáré tú báàgì, ó fa ìró àárọ̀ jáde, káàdì rèé létí rẹ̀! Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, ó ní kó wá jẹ àkàrà ní Festac.

Ó wá lóòótọ́. Sátidé tó kọjá, ojú mi báyìí ló ṣe. Satellite Town ló ń gbé; ṣé kò sí alákàrà níbẹ̀ ni? Ọjọ́ yẹn náà kọ́ ni ọmọbìnrin Ìyá wá kí i, ojú kíkùn bí ẹni ń lọ òde? Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Kò sí kọ̀ńdọ́ níbẹ̀ o, ẹnikẹ́ni ò so wọ́n pọ̀.

Èmi ò sọ nǹkan kan. Bàbá Múká tó ń kọjá lọ ló dúró, ó wò wọ́n títí, ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé: "Ṣéńjì ta ni àwọn wọ̀nyí ń wá?"