Owó Mi Dà?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún báńkì mi: bí owó bá kúrò nínú àkáǹtì mi, tí kò sì dé inú àkáǹtì ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí, ọwọ́ ta ló wà? Kò sí lọ́wọ́ mi. Ìyá alámàlà tí mo jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní kò sí lọ́wọ́ òun. Báńkì mi ní àwọn ti fi ránṣẹ́. Báńkì ìyá alámàlà ní àwọn ò rí i. Ẹ bá mi wá a.

Ilé oúnjẹ gan-an ni ìyà yìí ti ń dun èèyàn jù. Bó bá jẹ́ aṣọ ni mo rà, tí owó kọ̀ tí kò wọlé, n ó fi aṣọ sílẹ̀, n ó bá tèmi lọ. Àmàlà tí mo ti gbé mì ńkọ́? Gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹran méjì, pọ̀nmọ́ kan, gbogbo rẹ̀ ti wọ ikùn. Ìbàdàn la sì wà, níbi tí wọ́n ti fọkàn tán mi tó láti jẹ́ kí n jẹun tán kí n tó sanwó. Fóònù mi ti dún: wọ́n ti yọ náírà 3,500. Mo na fóònù sí ìyá, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

"Dádì, ẹ má fi tiyín hàn mí. Tèmi ni kó dún."

N ò lè bá a jà. Àwọn gbájúẹ̀ ti fi aláàtì ayédèrú jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Olè ti jẹun, ó ti nu ẹnu, ó ti lọ. Èmi tí mo sanwó ni wọ́n ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà títí yóò fi wọlé. Àwọn tó ń bọ̀ wá jẹun ń kí mi "ẹ kú iṣẹ́". Ọ̀kan tiẹ̀ bi mí bóyá ògúnfe ṣì kù.

Ẹ wá wo àwọn onímọ̀ràn. "Ẹ pa fóònù, ẹ tún un tàn." "Ẹ bọ́ sí ìta, nẹ́tíwọ̀kì ò sí nínú ilé yìí." "Ẹ tún un fi ránṣẹ́, bóyá eléyìí á lọ." Ẹni tó sọ ìkẹyìn yìí, ọ̀tá mi ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti là á yé mi. Báńkì mi á kọ́kọ́ yọ owó, á wá fi iṣẹ́ rán NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀, tó ti ń gbé irú owó báyìí lójú ẹsẹ̀ láti ọdún 2011. NIBSS á béèrè lọ́wọ́ báńkì kejì bóyá ó gbà á. Bó bá ní òun ò gbà, owó yóò padà. Ṣùgbọ́n bí sáfà wọn bá dákẹ́, tí kò ní bẹ́ẹ̀ ni, tí kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́, báńkì mi ò lè mọ̀ bóyá owó ti wọlé lọ́hùn-ún. Ẹ̀rù ń bà á kó má baà san án lẹ́ẹ̀mejì, ló bá kọ "pending", ó jókòó lé owó mi. Tí mo bá tún un fi ránṣẹ́ wàyí, ti àkọ́kọ́ lè ta jí, kí méjèèjì wọlé, n ó wá ti san owó àmàlà tí n ò jẹ.

"Declined" sàn díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í gbé owó lọ. Ìwà tirẹ̀ ni pé kò ní sọ ohun tó ń bí i nínú. Ó lè jẹ́ pé owó ò tó, tàbí píìnì ni mo ṣì tẹ̀, tàbí iye tí wọ́n gbà kí n ná lóòjọ́ ti pé, tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi, BVN àti NIN, ò so mọ́ àkáǹtì, èyí tí Báńkì Àpapọ̀ ti ń tìtorí rẹ̀ ti àkáǹtì pa láti ọdún 2024. Ẹyọ gbólóhùn kan náà ni áàpù máa ń fi jẹ́ gbogbo rẹ̀: "Unable to process". Ẹ kúkú sọ fún mi pé owó mi ò tó! Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyà tíránsífà tí kò wọlé yìí kì í ṣe tuntun; ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni gbogbo wa ti jẹ ẹ́. Báńkì Àpapọ̀ ní ká kó náírà 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ wá gba tuntun; a kó àtijọ́ lọ, a ò rí tuntun. Gbogbo ìlú bá já lu tíránsífà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà sì dí pa. Kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó sọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé àtijọ́ ṣì dára, àwọn èèyàn ti ń fi owó ra owó lọ́dọ̀ oní-POS.

Mo pe kọ́sítómà kíà. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Lẹ́yìn orin, ẹ̀rọ kan tí wọ́n sọ lórúkọ obìnrin ní kí n mú session ID, àmì ìdánimọ̀ owó tí mo fi ránṣẹ́, wá. Nọ́ńbà 30! Nọ́ńbà fóònù ìyàwó mi ò ju 11 lọ, n ò tíì mọ̀ ọ́n lórí. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n ní kí n ní sùúrù fún wákàtí 48, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni wọn ó kà. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n yọ owó yìí o! Ẹni tó ń yọ owó ní báńkì kì í sinmi. Ẹni tó ń dá a padà nìkan ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń lọ sí òde ìnáwó.

Ọlọ́kadà kan tó mọ̀ mí ló fi káàṣì yọ mí lórí bẹ́ǹṣì. Owó mi padà ṣá, ní òru, nígbà tí kò sí ẹni tí mo lè fi aláàtì hàn. Náírà 3,500 pé. Náírà 10 tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ tí wọn ò jẹ́ ni n ò rí. Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n dá a padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Báńkì Àpapọ̀. Wọ́n fèsì kíákíá lọ́tẹ̀ yìí: wọ́n ní kí n fi session ID ti náírà 10 náà ránṣẹ́.