Ọ̀gbẹ́ni Afowóra-Àpá

Ẹ ó dá a mọ̀ bó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta jìtá àlòkù, ìbáà jẹ́ ní Los Angeles, ìbáà jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Jìtá oníná tí ìbàdí rẹ̀ wọ́, tí apá ọ̀tún kò bá apá òsì dọ́gba, ló ń wá: Jazzmaster tí ilé-iṣẹ́ Fender gbé jáde ní 1958, tàbí Jaguar tó tẹ̀ lé e ní 1962. Kò ní béèrè bó ṣe ń dún. Imú ni yóò kọ́kọ́ tì bọ inú àpótí rẹ̀ láti gbóòórùn ọjọ́ orí. Á wá yọ tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò, á máa tàn án sára ọ̀dà bí akáwó báńkì tó fura sí ayédèrú owó. Lẹ́yìn ìyẹn, á ní kí wọ́n tú ọrùn jìtá, torí ìdí ọrùn ni wọ́n máa ń tẹ oṣù àti ọdún sí. Oṣù kìíní ọdún 1965 ni Leo Fender ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ CBS ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Ọ̀gbẹ́ni wa sì gbà pé ọjọ́ náà gan-an ni ọgbọ́n fò lọ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Fender ní Fullerton. Á wá yíjú sí ẹni tó ń tajà, á bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti tú sukúrù ara jìtá náà rí, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n tú mẹ́rin.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀gàn ló sọ jìtá wọ̀nyí di ohun tó ń sáré lé. Àwọn oníjáàsì tí wọ́n torí wọn ṣe Jazzmaster kò kà á sí. Àwọn ọ̀dọ́ olórin etíkun California gbà á fúngbà díẹ̀, àṣà yẹn náà rekọjá, Fender sì dáwọ́ Jaguar dúró ní 1975, ó dá ti Jazzmaster dúró ní 1980. Jìtá méjèèjì di ẹrù tí kò tà mọ́, wọ́n kún ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ohun ìní dógò yáwó. Àwọn tí agbára wọn kò ká èyí tó gbayì ló rà wọ́n, àwọn bíi ẹgbẹ́ olórin Sonic Youth ní New York. Wọn kò sì kẹ́ wọn: wọ́n tú wáyà tí kò wúlò fún wọn dànù. Jaguar ọdún 1965 tí olórin rọ́ọ̀kì Kurt Cobain lò, wọ́n ti pààrọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ohùn okùn kó tó rà á. Ẹ gbé irú rẹ̀ síwájú ọ̀gbẹ́ni wa láìdárúkọ ẹni tó lò ó, á yínmú, á ní wọ́n ti bà á jẹ́. Àwọn tó ń wárí fún gan-an ni kò ní ra jìtá lọ́wọ́ wọn.

Àwọn tó ń gbèjà ọ̀gbẹ́ni wa á ní ohùn ló ń wá, pé ti àtijọ́ yàtọ̀. Ó lè yàtọ̀ lóòótọ́. Jìtá méjì ọdún kan náà pàápàá kì í dún bákan náà. Ṣùgbọ́n etí ni yóò wá ṣèdájọ́ nígbà náà, kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì. Okùn tó nípọn ni wọ́n ṣe Jazzmaster fún. Bí èèyàn bá fi tín-ín-rín sí i tó sì lù ú le, okùn á fò kúrò lórí irin tó gbé e ró. Bí tuntun bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gbẹ́ni wa á dá a padà lọ́jọ́ kejì. Ti àlòkù, ó ní ìwà rẹ̀ ni. Àwáwí rẹ̀ tó burú jù ni pé ìtàn wà lára rẹ̀. Ìtàn ta ni? Ẹlòmíràn ló làágùn sí i, sìgá ẹlòmíràn ló jó orí rẹ̀. Láti 1995 ni Fender ti ń ta tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá àpá sí lára, owó rẹ̀ sì ga ju ti aláìlápàá lọ. Ojú kò tì wọ́n.

Wọ́n á tún ní owó rẹ̀ ló ń ná, pé olówó pọ́ọ́kú wà fún ọ̀dọ́, bíi jìtá Squier tí wọ́n fi orúkọ olórin J Mascis pè ní 2011. Òótọ́ ni, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi í dárà. Ṣé ti àtijọ́ tó gbà lọ́wọ́ wọn yìí ń ṣiṣẹ́ kankan? Inú àpótí ló wà, kó má bàa ní àpá mìíràn. Bí iye rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, á gbé e síta, á sì kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé ẹni tí yóò máa fi kọrin lòun fẹ́ kó bọ́ sí lọ́wọ́.