Ìjàpá Àpọ́sítélì àti Ọ̀ràn Àpólò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, lọ́dún tó sọ ara rẹ̀ di Àpọ́sítélì.

Abẹ́ ìrókò ni ìjọ àwọn ẹranko ti ń jọ́sìn. Aago mẹ́wàá ni ìsìn, ṣùgbọ́n láti aago mẹ́jọ ni Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni olùkọ́. Ọmọdé ni, àmọ́ kì í sùn lálẹ́ Sátidé láìtíì ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ yékéyéké. Màmá Ìgbín ló dàgbà jù nínú kíláàsì. Láti òru ni wọ́n ti ń gbéra kí wọ́n tó lè débẹ̀ lásìkò, tàwọn tilé lẹ́yìn, wọn a sì máa kọrin bọ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Mò ń relé ẹ̀kọ́ o —
*Díẹ̀díẹ̀, n ó dé.*
Mo darúgbó, mo ṣì ń kà —
*Díẹ̀díẹ̀, n ó dé.*
Ọmọ ọmọ mi ló ń kọ́ mi —
*Díẹ̀díẹ̀, n ó dé.*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni Ìjàpá fi lọ sí kíláàsì yìí. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n fún gbogbo ẹni tó wá ní ìwé pélébé kan, láti fi hàn pé wọ́n wá. Ìjàpá fi dígí bo tirẹ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀. Kò pé oṣù kan, pátákó ti kọjú sí títì: DÓKÍTÀ WÒLÍÌ ÀPỌ́SÍTÉLÌ ÀGBÀ ÌJÀPÁ. (Ẹ má bi mí iléèwé tó fún un ní dókítà. Àlọ́ ni mò ń pa.)

Màmá Ìgbín yà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. “Ìjàpá ọmọ mi, a ò rí ọ ní kíláàsì mọ́.”

“Màmá, mo ti kàwé tán. Kí ni Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ fi kọ́ èmi?”

“Lọ́dún 1864 ni Àjàyí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù. Ogún ọdún tún kọjá kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde lọ́dún 1884, Bàbá sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọmọ Òṣoògùn, tó fi Yorùbá mu ọmú, tún jókòó ń ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ. Ìwọ wá ti tán?”

“Bíṣọ́ọ̀bù nìyẹn, Màmá. Àpọ́sítélì lèmi.” Ó sì gbé orin tirẹ̀:

Mo ti kàwé tán o —
*Wéré, mo ti dé.*
Ọmọdé ò lè kọ́ mi —
*Wéré, mo ti dé.*

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, Àpólò, àrùn ojú pípọ́n, wọ̀lú. Ojú Ehoro pọ́n, ti Ẹtu pọ́n, Àgbọ̀nrín ò ríran lọ sóko. Ìjàpá ṣí ìwé Kọ́ríńtì, ó bá ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ní òun gbìn, Àpólò sì bomi rin. Ó fò sókè lórí àga ìwàásù.

“Ẹ̀yin ará, ẹ rí i bí! Pọ́ọ̀lù ń gbin nǹkan rẹ̀ jẹ́jẹ́, Àpólò mú un, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò! Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ̀mí yìí ti ń yọ ìjọ lẹ́nu!”

Àmín sọ. Ó kéde ìṣọ́ òru ọlọ́jọ́ mẹ́ta, àkọlé rẹ̀ ni ÀPÓLÒ GBỌ́DỌ̀ KÚ. Òróró wà fún títà: ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún ojú kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án fún méjèèjì. Erin ní ojú tòun kéré, kí wọ́n bá òun dín in kù. Wọn ò dín in. Ìjàpá ń fi ọwọ́ kan náà pa ojú Ehoro, ó ń fi pa ti Ẹtu, ó ń fi pa ti ẹni tí nǹkan kan ò tíì ṣe.

Lóru kẹta, Ẹlírí nawọ́. “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá Àpọ́sítélì, Àpólò tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì, èèyàn ni. Júù ni, Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ni wọ́n bí i sí. Ó mọ̀wé, ó lẹ́nu ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Ìgbà tó ń wàásù ní Éfésù, Àkúílà àti Pírísílà ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń fi àgọ́ pípa jẹun, mú un sọ́dọ̀, wọ́n là á yé e sí i.”

Kẹ́kẹ́ pa. Erin ló kọ́kọ́ la ẹnu: “Ṣé ẹni yẹn la fi òru mẹ́ta ní kó kú?”

Ìjàpá fa orí wọ inú karahun. Ibẹ̀ ló ti ń dáhùn pé ìfihàn tòun jinlẹ̀ ju ìwé Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ.

“Ìjàpá,” Màmá Ìgbín ló ń sọ̀rọ̀, “pé o ṣì í sọ kì í ṣe nǹkan. Ọ̀rọ̀ Àpólò alára kù díẹ̀ káàtó, nínú sínágọ́gù, lójú gbogbo ayé. Ó gbà kí apàgọ́ kọ́ òun, a sì ń dárúkọ rẹ̀ títí dòní. Dìde, ká lọ bá Ọ̀kẹ́rẹ́.”

“Kí n jókòó ti Ẹlírí lórí bẹ́ǹṣì? Àpọ́sítélì?”

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú Ìjàpá ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó fi awò dúdú wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọrin rò pé àrà tuntun ni, gbogbo wọn ra tiwọn. Yánníbo ló fà á lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kó máa fọ ọwọ́, kó yé fi í kan ojú ẹlòmíràn. Ó bi nọ́ọ̀sì bóyá ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Owó òróró ò padà sápò ẹnikẹ́ni. Ìwé ìpolówó tuntun ló jáde: ÌDÁNILẸ́KỌ̀Ọ́ ỌLỌ́JỌ́ MẸ́TA LÓRÍ ÌRẸ̀LẸ̀. Olùkọ́ kan ṣoṣo, Dókítà Wòlíì Àpọ́sítélì Àgbà Ìjàpá. Ogún ẹgbẹ̀rún náírà ni ìjókòó iwájú.

Tí wọ́n bá fún yín níwèé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ di owó yín mú. Aago mẹ́jọ ni ti Ọ̀kẹ́rẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, kì í gba kọ́bọ̀, àyè sì kù lórí bẹ́ǹṣì.