Ìdin Olówó Iyebíye

Nílé wa, bí ìdin bá yọ lára ẹran, ìjà dé nìyẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó gidi ni apẹja fi ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Páìntì tí wọ́n fi ń wọn bíà náà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, wọ́n tún ń pa á láró pupa. Inú fíríìjì ló ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tà ìyàwó ilé, kó má baà yára di eṣinṣin.

Nítorí ẹja barbel ni o, onírùngbọ̀n mẹ́rin tó ń tú ìsàlẹ̀ odò Trent àti Severn. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta dé ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, òfin ò gbà kí wọ́n fi ìwọ̀ dẹ ẹ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, bàbá apẹja á rọ ìdin sínú ike oníhò, á jù ú sómi. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ á kọ́kọ́ jẹun yó, bí mọ̀lẹ́bí tí a ò pè sí àríyá. Ìgbà tí barbel bá wá gbé ìdin ẹnu ìwọ̀ mì, ìjàkadì dé! Bàbá á fà á títí, á tẹ́ ẹ sórí tìmùtìmù, á ya fọ́tò, á sì rọra dá a padà sódò.

Ọbẹ̀ wá ńkọ́? Wọ́n á ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún lọ́nà ilé.