Ọdún 48 Láàárín Ìwé Méjì

Ọdún 1973 ni Wọlé Ṣóyínká gbé Season of Anomy jáde. Ìtàn àròsọ mìíràn kò tún tọwọ́ rẹ̀ wá títí di 2021, tí Chronicles from the Land of the Happiest People on Earth fi dé. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1973 ti lè máa gbé ọmọ-ọmọ jó kí Baba tó parí rẹ̀!

Ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀ ṣá o. Ní 1981, ó kọ Aké, ìwé ìgbà èwe rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Nínú rẹ̀, "Essay" ni bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé. Ìyá tó bí i sì di "Wild Christian". Ìyá yìí mọ Bíbélì kà, ó sì mọ pàṣán lò. Ọmọ tó ń jí wàrà oníyẹ̀fun ọmọ ọwọ́ bù lá títí ọwọ́ fi bà á kò ní ṣàìmọ bí méjèèjì ṣe rí.

Ìyà náà dùn ún kà lónìí. Ẹ má ṣáà béèrè lọ́wọ́ ìdí tó jẹ ẹ́.

Nígbà tó padà sídìí ìtàn àròsọ, àwọn olóṣèlú àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara èèyàn ló kàn láti jẹgba. Sẹ̀nẹ̀gà àti Gánà ló ti kọ ọ́, bóyá nítorí àlejò tó ń wá kí Baba kò pọ̀ tó ti ilé.