Fèrè Ọrùn Ajá

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, òun ni wọ́n sì fi ń kìlọ̀ fún ọmọ tí ó bá kọ etí ikún sí ìmọ̀ràn, láti ìgbà tí igbó ṣì wà níbi tí Muṣin wà lónìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura pé ọdẹ ni ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí, nítorí pé bí a bá fún ajá láàyè láti pa tirẹ̀, bóyá etí ẹlòmíràn ni à bá gbọ́ pé ó di. Nínú àlọ́ tí gbogbo wa gbọ́ ní kékeré, ọdẹ tí ewu ká mọ́ orí igi kò ṣe ju kí ó pe orúkọ ajá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, àwọn ajá náà gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì sáré dé. Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Francis Galton tilẹ̀ ṣe fèrè kan ní 1876 tí ajá ń gbọ́ ketekete, tí ẹni tí ń fọn ọ́n kò sì gbọ́ nǹkan kan. Èmi kò mọ ẹ̀rí mìíràn tí a tún ń wá.

Tọkọtaya kan wà ní Sùúrùlérè tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dádì Bruno àti Mọ́mì Bruno. Bruno kì í ṣe ọmọ. Ajá ni, ajá Òyìnbó onírun jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ tí ń sùn nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ní òpópónà tí ọ̀pọ̀ baálé ilé ti ń fi páálí fẹ́ra. Àwọn ọmọdé kò yé pè é ní Bingo, nítorí pé lójú ọmọ Èkó kò sí ajá tí kì í ṣe Bingo, ó sì ń jẹ́ wọn. Mo sọ fún ọkọ náà nígbà kan pé bí wọ́n bá ń mú un kọjá ní Ládípọ̀, kí wọ́n di okùn rẹ̀ mú dáadáa, nítorí pé àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ kò tí ì gbàgbé ohun tí Ògún Lákáayé ń jẹ. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Keje ni wọ́n kéde pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ fi sọ́mà gbafẹ́ lórí òkun, nínú ọkọ̀ onígbòkun. Ẹ gbọ́ ná: sọ́mà! Ní Èkó, níbi tí oṣù Kẹfà ti jẹ́ olórí oṣù òjò, tí oṣù Keje sì jẹ́ àbúrò tí ń jogún àwọsánmà rẹ̀! Sọ́mà Òyìnbó, oòrùn ni; tiwa, agboòrùn ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ ń kìlọ̀ fún ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà pé èrè wà nínú sùúrù, ibi tí a kó àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó lọ nígbà tí LEDB, àjọ tí ń tún ìlú tò nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé wọn ní 1955. Àwọn baba wa kì Èkó ní arómisálẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, èyí tí èmi, ní ti ọ̀lẹ tèmi, máa ń túmọ̀ sí ìlú tí ó rí omi tí ó sá. Àwọn wọ̀nyí rí omi, wọ́n sáré lọ bá a. Èmi náà sì bá wọn lọ, nítorí pé wọ́n ní ọwọ́ mi kì í gbọ̀n bí mo bá ń ya fọ́tò.

A gba orí Third Mainland Bridge, afárá tí wọ́n ṣí ní 1990. Nísàlẹ̀ ni Mákòókó wà, pẹ̀lú èéfín ẹja yíyan rẹ̀, níbi tí ọmọ Ègùn tí kò tí ì ju ọdún mẹ́fà lọ ti ń wa ọkọ̀ lọ ra búrẹ́dì, tí ìyá, ọmọ àti ajá jọ wà nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Odò kì í kún bo ẹja lójú. Ní iwájú díẹ̀, àwọn tí ń wa yanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà ti ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìrẹsì rán pọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé wọn lọ sí èbúté Ìlàjẹ ní Bàríga láìsí epo bẹntiróòlù. Mọ́mì Bruno yí gíláàsì ọkọ̀ sókè. Ó ní èéfín náà kò dára fún ajá. Ìdílé, ọkọ̀, ìgbòkun, ajá: gbogbo ohun tí a ń lọ fi owó ńlá rà ní òdìkejì afárá ni a wò láti òkè tí a sì káàánú.

Ní èbúté, Bruno fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pákó, ó ní òun kò wọlé. Ó gbójú sókè wo àwọsánmà, ó hu. Atukọ̀ wa, ọmọ Ìlàjẹ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wo ajá, ó wo òkè, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ajá yín ń sọ̀rọ̀ o.”

Dádì Bruno dá a lóhùn pé, “Ìwọ ṣáà máa wà á lọ. A ti sanwó.”

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ẹ̀wù pupa rẹ́súrẹ́sú tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, tí LASWA, àjọ tí ń mójú tó ọ̀nà omi Èkó, sì ti sọ di dandan fún gbogbo èrò ọkọ̀ ojú omi. Bruno wọ tirẹ̀, èyí tí wọ́n rà láti òkè òkun ní ìwọ̀n ara rẹ̀ gan-an, tí fèrè kékeré rọ̀ sí ọrùn rẹ̀. Olówó rẹ̀ àti ìyàwó kò wọ tiwọn, nítorí pé kò bá ankara tí wọ́n dá jọ mu, kò sì ní í jẹ́ kí ó hàn nínú fọ́tò. Wọ́n fi jókòó. Èmi wọ tèmi, mo sì so okùn rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbó débi pé fèrè ara rẹ̀ ti já, ó ku okùn.

A dé etíkun Tarkwa Bay láìsí ewu, nítorí pé ògiri òkúta tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọ inú òkun ní nǹkan bí 1908, kí yanrìn ẹnu ọ̀sà má baà máa dá ọkọ̀ ńlá dúró síta, ni ó dáàbò bo ibẹ̀ tí omi rẹ̀ fi tutù bí omi inú àwo. Ibẹ̀ ni à bá dúró sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní fọ́tò kò ní í dùn bí ìgbì kò bá sí lẹ́yìn wọn, kí á kọjá ògiri díẹ̀, díẹ̀ péré. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru, mo mọ òwe yìí, n kò sì pa á. Mo ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára.

Òjò dé bí ẹni tí ó ti ń dúró dè wá. Ìgbì kan gbé wa, èkejì gba fóònù lọ́wọ́ mi, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákú, ìgbòkun funfun náà sì wé mọ́ òpó bí gèlè tí a kò mọ̀ ọ́n wé. Atukọ̀ kígbe pé kí a fọn fèrè, nítorí pé ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan wà lápá ibì kan. A wo ara wa. Ìgbà náà ni Dádì Bruno fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú omi níwájú ajá rẹ̀, ó fi ẹnu wá fèrè ọrùn rẹ̀, ó sì fọn ọ́n títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Bruno jókòó, ó ń wò ó, ó gbé etí méjèèjì sókè.

Àwọn ẹlẹ́ja gbọ́. Àwọn Ègùn méjì ni, pẹ̀lú ìgbòkun alápò ìrẹsì, ajá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dùbúlẹ̀ sí iwájú ọkọ̀ wọn bí ẹni pé òun ni ó ni òkun. Wọ́n so wá mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n fà wá padà sẹ́yìn ògiri. Nígbà tí ẹsẹ̀ wa kan yanrìn, àgbà nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí Bruno, ó bèèrè orúkọ rẹ̀. Kí Mọ́mì Bruno, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, tó lè dáhùn, atukọ̀ wa ti ní, “Bingo.” Ajá náà ju ìrù, ó sì lọ bá a.