Ìbò Àṣírí Tí Gbogbo Àdúgbò Rí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹgbẹ́ tí mo dìbò fún lọ́jọ́ ìbò ààrẹ, 25 oṣù kejì ọdún 2023, kó bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa n'Ìbàdàn. Ọmọdé tó ń kiri omi inú ọ̀rá lọ́jọ́ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí nìkan ló kù tí mo lè fi í pamọ́ fún, n ó sì fi í pamọ́.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: mo tètè dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò ò tètè dé, oòrùn mú. Nígbà tí mi ò ríṣẹ́ ṣe lórí ìlà, mo sọ ara mi di tíṣà. Ìyá Alákàrà ní òun ti ń dìbò láti ayé Ṣàgárì. Mo ní, "Ìyá, ti ìsinsìnyí yàtọ̀, ẹ fara balẹ̀ kí n kọ́ yín."

Nígbà tó kàn mí, ẹ̀rọ BVAS, tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, kọ ìka mi, ó gba ojú mi. Wọ́n kun ínkì sí mi léèékánná. Agùnbánirọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ibùdó fọwọ́ sẹ́yìn bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ààrẹ, ti sẹ́nétọ̀, ti ilé aṣojú-ṣòfin, ó sì lù wọ́n lóǹtẹ̀. Mo wọ kọ̀rọ̀ ìdìbò lọ tìgbéraga-tìgbéraga.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bébà ti ààrẹ yẹn. Ẹgbẹ́ 18 ló tò sórí rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Àmì wọn àti ìkékúrú orúkọ wọn nìkan ni ẹ óò rí. Kò sórúkọ olùdíje, kò sí fọ́tò ẹnikẹ́ni. Ìgbálẹ̀ rèé, agboòrùn rèé, bàbá-ìyá-àtọmọ rèé, àyè kékeré kan sì wà fún ìka níwájú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ká bébà náà ní òró, tí etí ọ̀tún bo etí òsì, ibi yòówù kí ínkì ràn dé, ìlà ẹgbẹ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣẹ́ orí mọ́ ìdí, ẹgbẹ́ òkè á fi ìka yín tọrẹ fún ti ìsàlẹ̀. Mo mọ gbogbo èyí. Òun gan-an ni mo fi wàásù fún Ìyá Alákàrà.

Mo ti àtàǹpàkò bọ ínkì bí ẹni ń fi òkèlè kan ọbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó hàn ketekete. Mo wá ṣẹ́ bébà: orí mọ́ ìdí. Kí ló tún ní kí n tú u wò? Ìka kejì ti jókòó síwájú ẹgbẹ́ tí mi ò lè dìbò fún láéláé. Mo tutọ́ sọ́wọ́, mo ní kí n nù ún. Ínkì yẹn ò mọ itọ́! Ó ràn dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kẹta.

Ọlọ́gbọ́n á ká bébà rẹ̀, á pe ọ̀gá ibùdó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èmi bẹ́ jáde, mo fọwọ́ méjèèjì na bébà sókè, mo ń pariwo: "Ẹ wò ó! Ibí ni mo tẹ̀ o, ìyẹn kọ́!"

Ìlà dàrú. Aṣojú ẹgbẹ́ tí mo dìbò fún fò sókè: "Tiwa ni! Dádì ti tẹ̀ ẹ́ fún wa!" Ti ẹgbẹ́ kejì ní irọ́ ni, tàwọn ló dúdú jù. Ti ẹgbẹ́ kẹta, tí ò tíì lanu láti àárọ̀, náà bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí itọ́ mi. Ẹ̀yìn wọn ni mo ti rí onílé mi. Alẹ́ àná yẹn la jọ jókòó tá a jọ ń bú ẹgbẹ́ tí mo tẹ̀ka fún. Ó wo bébà, ó wò mí. "Bàbá Ṣadé, ẹ kú iṣẹ́ o."

Agùnbánirọ̀, ọmọ tí ò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, sáré bò mí: "Dádì, ẹ ká a! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká a!"

Òfin yọ mí. Ẹni tí bébà rẹ̀ bá ṣèèṣì bàjẹ́ lè dá a padà fún ọ̀gá ibùdó, wọn á fagi lé e lójú ẹsẹ̀, wọn á fún un ní òmíràn. Mo gba tèmi, mo padà wọ kọ̀rọ̀. Ìyá Alákàrà wá lé e lórin: "Tíṣà! Etí ọ̀tún bo etí òsì!" Gbogbo ìlà ń gbè é.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìbò 939,278 ló dànù nínú ìbò ààrẹ yẹn. Ti 2019 lé ní mílíọ̀nù kan. Kì í ṣe kíká nìkan ló bà wọ́n jẹ́, ṣùgbọ́n èèyàn tó to ìlà nínú oòrùn bíi tèmi ló ni wọ́n. Àwọn olóṣèlú kiri àdúgbò wa títí, wọ́n pín ìrẹsì, wọ́n pín fìlà, wọ́n lẹ ojú wọn mọ́ ògiri láìtọrọ ààyè. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó fi bébà lásán kọ́ ìyá arúgbó kan bí wọ́n ṣe ń dìbò. Inú ṣì ń bí mi.

Bí 2027 bá dé, ẹ fi ínkì díẹ̀ kan ìka, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ ká a ní òró. Bó bá bàjẹ́, ẹ ká a kẹ́ ẹ tó jáde, pàápàá bí onílé yín bá wà lórí ìlà.